Kọ́míìkì ò kí ń ṣe eré ọmọdé o

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé kọ́míìkì, ìyẹn ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, nǹkan ọmọdé ni, kó dákẹ́ ná. Èrò tèmi ni pé tó bá di ọ̀rọ̀ òbí tó ń darúgbó, kò sí ìwé tó ń sọ ọ́ kó wọni lára tó kọ́míìkì.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó dá lórí ọmọdé. Calvin and Hobbes tí Bill Watterson yà láti 1985 sí 1995, Calvin ò kúrò lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyá àti bàbá ẹ̀ ò sì lórúkọ títí tó fi parí. Ti Charles Schulz ńkọ́, Peanuts, 1950 wọ 2000, àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú níbẹ̀ rárá. Mo fara mọ́ ọn, torí nígbà tá a wà ní kékeré ta ló ń wo òbí ẹ̀ bí èèyàn ẹlẹ́ran ara? Ẹni tó ń fún wa lóúnjẹ ni, ẹni tó ń ní ká lọ sùn. Pé eegun ń ro ó, pé ẹ̀rù ọ̀la ń bà á, a ò mọ̀, kò tiẹ̀ kàn wá.

Ìgbà tí wọ́n bá wá di arúgbó lojú ọmọ máa ń là. Roz Chast, ayàwòrán ẹlẹ́fẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ọmọ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ bàbá àti ìyá tí wọ́n bí ní 1912, ya ìwé kan nípa ìgbẹ̀yìn wọn ní 2014, ẹ̀rín á pa yín, àwọn òbí náà ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dárúkọ ikú sétí wọn, kẹ́ ẹ sì tó mọ̀, omi ti dé ojú. Nígbà tó lọ palẹ̀ ilé wọn mọ́, àwọn ẹrù àtijọ́, awò ojú, ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n, kámẹ́rà ló fi yà wọ́n sínú ìwé náà. Ìyá ẹ̀ lórí ibùsùn ikú, ọwọ́ ló fi yà á, kì í sì í ṣe yíyà ẹlẹ́fẹ̀ tó ń yà bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bójú màmá ṣe rí gan-an ló yà, ó le wò. Àwọn kan á ní àṣírí ìyá ẹni kọ́ la ń tú síta bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, èmi ò rò pé mo lè ṣe é. Àmọ́ fótò, ẹ̀ẹ̀kan lẹ tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ sì gbójú kúrò, ẹni tó ń fọwọ́ yàwòrán ò rí ibi sá sí, gbogbo ojú tó hun jọ yẹn ló gbọ́dọ̀ wò pátá.

Èyí tó tún ká mi lára jù ni Arrugas, ti Paco Roca ará Sípéènì, ó jáde ní 2007. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé mánijà báńkì kan ń dá oníbàárà lóhùn ní ọ́fíìsì, ẹ wá ṣí i síwájú, kò sí báńkì kankan, ọmọ ẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. Ìyè bàbá náà ló ń ra. Tí àìsàn ọ̀hún bá wá wọ̀ ọ́ lára tán, ojú àwọn èèyàn á máa pa rẹ́ lójú ìwé, àyè funfun báyìí, kò sí imú, kò sí ẹnu. Ẹ bá mi wá bẹ́ ẹ ṣe máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àwọn ìwé yìí ni pé wọn ò yára sọ fún wa pé ká gba kámú. Inú ń bí ọmọ, ó ń ṣírò owó, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó tún nífẹ̀ẹ́ wọn.

Kì í tiẹ̀ ṣe òǹkàwé nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń ká lára, ó ń ká àwọn ayàwòrán náà lára. Gasoline Alley, kọ́míìkì inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, ti wà láti 1918, ọdún ń gorí ọdún níbẹ̀ bíi tiwa, ọmọ tí wọ́n gbé síwájú ilẹ̀kùn Walt, bàbá tó gbà á tọ́, ní 1921 dàgbà, ó lọ sógun, ó darúgbó. Ìyàwó Walt kú ní 2004. Walt fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tipẹ́, ayàwòrán kan á lọ, òmíì á gbà á, ẹnì kankan nínú wọn ò láyà láti pa bàbá yẹn.