Àtúnṣe: Mílílítà kan kì í ṣe gíráàmù kan fún gbogbo nǹkan olómi

Wọ́n ń pín in kiri pé ọ̀kan náà ni mílílítà àti gíráàmù, pé ife oníla tó fún ẹni tí kò ní ìwọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mílílítà ń sọ àyè tí nǹkan gbà. Gíráàmù ń sọ bó ṣe wúwo tó. Omi ló ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, torí 1 mL rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 g géérégé ní 4 °C. Ní 20 °C, ó ti dín sí 0.998 g. Ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ògidì ọtí, ńkọ́? 100 mL rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 79 g lọ. Gílísẹ́rọ́ọ̀lù, nǹkan olómi kan tó ki, tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, á tó 126 g. Mákúrì, irin tó máa ń wà ní olómi, á lé ní 1,350 g (ẹ má fi ìyẹn dán an wò o, olóró ni).

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye gíráàmù tí mílílítà kan nǹkan olómi jẹ́, ẹ gbé sílíńdà oníla tó gbẹ sórí ìwọ̀n, ẹ dá ìwọ̀n náà padà sí òdo, kí ẹ bu 50 mL nǹkan olómi náà sínú sílíńdà. Ojú omi máa ń tẹ̀ kòtò láàárín. Ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ni kí ẹ kà, kí ojú yín bá a dọ́gba. Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ wò látòkè á ka iye tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá fi 50 pín gíráàmù tí ẹ rí; ohun tí ẹ bá rí ni ìwúwo mílílítà kan. Ilà ara bíkà, ìyẹn ife ẹlẹ́nu gbòòrò tí wọ́n ń lò ní yàrá ìwádìí, kò wúlò fún èyí: àṣìṣe rẹ̀ lè tó 5%.