Ìwé Àkọsílẹ̀ Ni Kó Ṣáájú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkìtì

Ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ti wà ní London tipẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley lọ́dún 1924, British Museum sì fẹ́ rà á. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Gbogbo èyí la mọ̀ nítorí pé àwọn tó gbà á kọ bó ṣe dé ọwọ́ wọn sílẹ̀. Mélòó nínú ère, ọ̀pó àti Epa (ìbojú onígi tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ ọdún) tó kù nílé wa ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì gba òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó mọ bí a ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó máa lọ láti ààfin dé ojúlé, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi bíríkì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lélẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn tó ni nǹkan kó o sílẹ̀. Ọwọ́ wọn ni yóò wà.

Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni kí wọ́n lò, kì í ṣe bébà àlẹ̀pọ̀. Ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀ nípa ohun kọ̀ọ̀kan nìyí: nọ́ńbà, orúkọ tí àwọn tó ni ín ń pè é, gíga àti ìbú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, irú igi, ẹni tó gbẹ́ ẹ, ọdún ìbílẹ̀ tí wọ́n ń gbé e jáde, ibi tó ti sán. Kí wọ́n ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ wà nílé mìíràn, torí iná.

Ara igi gan-an kọ́ la ń kọ nọ́ńbà sí. Ẹ fi Paraloid B-72 (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tí àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò) fẹ́lẹ́ kun ibi tó fara sin, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi tàdáwà dúdú kọ ọ́, kí ẹ tún kun ún lé e. Acetone, omi tó ń yọ ọ̀dà, lè nù ún kúrò lọ́jọ́ iwájú. Bírò máa ń wọnú igi lọ. Téèpù ní tirẹ̀ máa ń pọ́n, bí wọ́n bá sì ṣí i, á bá ọ̀dà àtijọ́ lọ.

Kòkòrò ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ère fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹ̀fun bá jábọ́ láti inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀, kòkòrò ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ gbé e sínú fírísà tó tutù dé -20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iná bá lọ tó sì yọ́, ẹ tún ọ̀sẹ̀ méjì náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí ọ̀rá náà fún wákàtí 24, kí omi má baà sẹ̀ sára igi. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ má gbé e síbẹ̀ rárá. Kẹrosíìnì àti epo pupa kì í ṣe ìtọ́jú: wọ́n ń wọnú igi, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ọdún bá dé tí àwọn tó ni Epa fẹ́ tún un kùn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Fọ́tò ṣáájú àti lẹ́yìn ìkùn la fẹ́.

Òfin ọdún 1979 ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí ère gbé lóru, tí kò sí fọ́tò, tí kò sí ìwọ̀n, kí ni àwọn aṣọ́bodè fẹ́ fi dá a mọ̀? Kí owó iṣẹ́ yìí wà nínú ètò ìṣúná tó ń bọ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹ̀fọ̀n.