Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Òwe yìí ni àwọn èèyàn máa ń fà yọ tí wọ́n bá fẹ́ tú ohun tí Ìwé Mímọ́ kò sọ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Ẹni tó bá dìde pé mẹ́sàn-án ni, tara rẹ̀ ló ń sọ.

Súrà Káhfì nínú Kùránì, tí àwọn Mùsùlùmí ń kà lọ́jọ́ Jímọ̀, sọ ti àwọn ọ̀dọ́ tó sùn sínú ihò àpáta. Àwọn kan ní mẹ́ta ni wọ́n, ajá wọn ló ṣe ìkẹrin; àwọn kan ní márùn-ún, ajá ṣe ìkẹfà; àwọn kan ní méje, ajá ṣe ìkẹjọ. Ẹsẹ 22 ní Olúwa ló mọ iye wọn jù, kí a má bá ẹnikẹ́ni jiyàn jinlẹ̀ lórí rẹ̀.

Bí ìbéèrè nípa ohun tí ìwé kò sọ bá dé ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi, kí olùkọ́ má tíì dáhùn. Kí ó ní kí ẹni tó bèèrè ka ibẹ̀ sókè, kì í ṣe ẹsẹ kan o, odindi orí ni, kí ó sì ka èyí tó tẹ̀ lé e. "Níbo ni Kéènì ti rí ìyàwó?" Jẹ́nẹ́sísì 4:17 ni wọ́n máa ń kà tí wọ́n á fi pa ìwé dé. Ẹ ṣí i síwájú díẹ̀: 5:4 ní Ádámù bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Pé ará ilé Kéènì ni obìnrin náà, a lè fà á yọ níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Kò sí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kó máa yàtọ̀ lẹ́nu olùkọ́: "ó wà níbẹ̀", "a lè fà á yọ", "wọ́n ní". Nǹkan máa ń bàjẹ́ nígbà tí "wọ́n ní" bá gbé aṣọ "ó wà níbẹ̀" wọ̀. Nínú eré Kérésì, ọmọ mẹ́ta ló máa ń dé adé páálí. Mátíù orí 2 kò ka iye àwọn amòye, kò sì pè wọ́n lọ́ba. Ẹ̀bùn ló dárúkọ mẹ́ta: wúrà, tùràrí àti òjíá. Ọmọ tó bá fi eré yẹn dàgbà á búra pé òun kà á.

Ti àwa ará Ìjẹ̀bú tiẹ̀ ta kókó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Òkè-Èrì, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ibojì Bílíkísù Ṣúngbọ́ wà, tí wọ́n ní òun ni ayaba Ṣeba. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 10 ka tálẹ́ńtì wúrà 120 tó fún Sólómọ́nì, kò dárúkọ rẹ̀. Súrà Námlì náà kò dárúkọ rẹ̀; ọ̀dọ̀ àwọn onítumọ̀ ni orúkọ Bílíkísù ti wá. Yàrà Erédò tí wọ́n ní ó gbẹ́ yí ilẹ̀ ká tó nǹkan bí kìlómítà 160, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé orí òkìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tó mítà 20 níbòmíràn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní yàrà náà kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Nítorí náà, "wọ́n ní" ni ká máa fi ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn kò bu Òkè-Èrì kù: ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ yàrà yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè míì wà tí kì í ṣe ti ìmọ̀ rárá, ọgbọ́n àtiyẹ iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Nínú Súrà Bákárà, Ánábì Mùsá ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pa màlúù. Màlúù ṣáá. Wọ́n ní irú èwo? Kò gbọdọ̀ gbó, kò gbọdọ̀ kéré. Àwọ̀ ńkọ́? Ìyeyè tó mọ́ yòò. Wọ́n tún bèèrè, ó di èyí tí kò ṣiṣẹ́ oko rí, tí kò lábàwọ́n. Ẹni tó bá ti ná màlúù lásìkò Iléyá mọ iye tí irú ìyẹn máa ná wọn. Irú abèèrè bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé: tí o bá mọ̀ ọ́n tán, kí lo máa ṣe tí o kì í ṣe tẹ́lẹ̀?

Ẹ má fi ìyẹn pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ o. Èyí tó bèèrè ẹni tó bí Ọlọ́run kì í ṣe aláfojúdi. Ẹ kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá pásítọ̀ tàbí áfáà, ẹ sì mú èsì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kódà bó bá jẹ́ "wọn ò kọ ọ́" ni èsì náà, níwájú kíláàsì kan náà tó ti bèèrè.