Ẹ̀wà Agolo Wo Lẹ Fi Ń Dá Oúnjẹ Ẹlòmíì Lẹ́jọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, mi ò sì ní gbé e mì mọ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ará Amẹ́ríkà kan kì í gbé fídíò jáde pé òun fẹ́ tọ́ oúnjẹ àwọn ará Ìlú Ọba wò. Á da ẹ̀wà agolo sórí búrẹ́dì, á bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, á fajú ro, á ní ojú ń pọ́n àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Kò ní pẹ́ tí ará Lọ́ńdọ̀nù náà á fi gbẹ̀san: á yan bisikíìtì bíi tàwọn ará Tennessee àti Georgia, ìyẹn búrẹ́dì kékeré rírọ̀, kì í ṣe bisikíìtì gbígbẹ tí a mọ̀, á bu ọbẹ̀ funfun lé e, á ní òkúta ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Àwọn tiwa, tí ẹ̀gbọ́n wọn wà ní Peckham tí àbúrò wọn wà ní Houston, á wá gbé e sórí WhatsApp ẹbí, ariwo á sọ. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹ ò ní rí ẹnìkan tó máa béèrè pé: kí lẹ fi sè é?

Torí kì í ṣe oúnjẹ ẹlòmíì ni wọ́n ń tọ́ wò. Nǹkan tí wọ́n fi èròjà ilé ara wọn dọ́gbọ́n sí ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì ń tì í sí ẹlòmíì lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀wà. Irú ẹ̀wà funfun kéékèèké kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì ń lò. Omi tó yí i ká ló yàtọ̀. Ti Ìlú Ọba, tòmátì ni, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, fínígà, iyọ̀ àti èròjà díẹ̀. Kò sí ẹran níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, ṣúgà pupa tàbí mọ̀láásì ló ń ṣáájú, wọ́n á sì sábà fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ sí i. Kò burú láyè ara rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ẹran tí wọ́n fi èéfín yan ni wọ́n ṣe é fún. Adùn rẹ̀ ló ń gba iyọ̀ ẹran náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé búrẹ́dì Amẹ́ríkà tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ní ṣúgà tàbí oyin nínú tẹ́lẹ̀, kí lẹ rò pé yóò dà? Adùn lórí adùn ni. Ẹni tó bá fi gàrí ro àmàlà, ṣé ẹnu rẹ̀ gbà á láti bú ará Ìbàdàn?

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ni Heinz tó ń ṣe ẹ̀wà agolo ti wá. Ilé-iṣẹ́ wọn ní Kitt Green, ní Wigan ní Ìlú Ọba, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1959, ló ń ṣe ẹ̀wà olómi tòmátì yìí fáwọn ará Ìlú Ọba. Agolo tó yẹ wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, lórí pẹpẹ oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè. Wọn ò kàn fẹ́ rìn débẹ̀ ni.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ rí i rà, wọn ò mọ̀ ọ́n sè. Wọ́n á ṣí agolo, wọ́n á dà á ní tútù sórí búrẹ́dì tí iná ò kàn dáadáa, omi á rin ín, ó di ẹ̀bà. Agolo oní gíráàmù 415 kan tó ènìyàn 2. Ẹ dà á sínú ìkòkò kékeré, ẹ fi iná díẹ̀ sí i fún bí ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ máa rọra rò ó kí ẹ̀wà má baà fọ́, títí omi rẹ̀ á fi ki tí á lè lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Kí búrẹ́dì nípọn díẹ̀, kẹ́ ẹ yan án títí ẹ̀yìn méjèèjì á fi pọ́n. Bó ṣe ń jáde ní gbígbóná ni kẹ́ ẹ ti fi bọ́tà oníyọ̀ pa á dé etí, torí ọ̀rá bọ́tà yẹn ni kò ní jẹ́ kí omi tòmátì tètè wọ inú búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà, ẹ rin wàràkàṣì cheddar tó ti pọ́n dáadáa, bíi gíráàmù 30 fún àwo kan, sórí rẹ̀. Ó parí. Ẹni tó bá jẹ ìyẹn tí kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mi ò ní bá a jà.

Tíì ló ń bí mi nínú jù. Iná Ìlú Ọba, 230 volt ni. Ti Amẹ́ríkà, 120. Kẹ́tù Ìlú Ọba máa ń fa tó 3,000 watt, ti Amẹ́ríkà kì í sábà kọjá 1,500. Lítà omi 1 tó máa hó láàárín bí ìṣẹ́jú 2 ní Leeds á gbà tó ìṣẹ́jú 4 ní Atlanta. Ó wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ kò fi ra kẹ́tù rárá. Inú microwave ni wọ́n ń gbé ife omi sí. Microwave kì í gbóná kárí: òkè ife á ti máa jó ètè, ìsàlẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tí kò hó kò lè fa agbára jáde dáadáa lára tíì dúdú. Wọ́n á wá ju àpò tíì kan sí i, èyí tó máa ń jẹ́ bíi gíráàmù 2, nígbà tí ti Ìlú Ọba ń lọ sí gíráàmù 3. Lórí gbogbo ìyẹn, wọ́n á da half-and-half, ìyẹn mílíìkì tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá mílíìkì, sí i! Ọ̀rá inú nǹkan yẹn kì í dín sí 10.5 nínú 100. Mílíìkì tí ọ̀pọ̀ ará Ìlú Ọba ń fi sí tíì, ọ̀rá rẹ̀ kò tó 2. Half-and-half náà á bo adùn tíì mọ́lẹ̀ pátápátá, ọ̀rá á tún léfòó. Wọ́n á mu ún, wọ́n á ní omi ìfọwọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò le. Ẹ gbé omi kaná lórí sítóòfù títí yóò fi hó yaya. Ẹ fi díẹ̀ ṣan ife kó lè gbóná. Bó bá jẹ́ àpò tíì Amẹ́ríkà, ẹ fi 2 sí i, ẹ da omi híhó lé e, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 4, kẹ́ ẹ yọ àpò kúrò kí mílíìkì tó wọlé.

Kí ará Ìlú Ọba má rò pé òun lòun jàre o. Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń da ṣúgà sínú tíì tó ti tutù, tẹ́ ẹ ń ju yìnyín sí i, tẹ́ ẹ wá ń sọ pé tíì dídùn àwọn ará gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò nítumọ̀. Ṣúgà kì í tètè yọ́ nínú omi tútù, ìsàlẹ̀ ló ń lọ jókòó sí. Inú tíì gbígbóná ni wọ́n ti ń po ṣúgà títí yóò fi yọ́ tán, kí wọ́n tó fi omi tútù là á.

Bisikíìtì wọn náà ńkọ́? Ẹ ń mú fúláwà búrẹ́dì tí purotéènì rẹ̀ tó 12 tàbí 13 nínú 100, ẹ ń pò ó bí ẹni ń po búrẹ́dì, ó wá le, ẹ wá ń pariwo òkúta. Fúláwà àlìkámà rírọ̀ ni wọ́n ń lò ní gúúsù, purotéènì rẹ̀ á máa lọ sí 8 tàbí 9. Fúláwà plain lásán ló sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ yín. Èyí tó sì ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́ ni fúláwà self-raising, èyí tí bekin-pọ́dà ti wà nínú rẹ̀: ti Amẹ́ríkà ní iyọ̀ nínú, ti Ìlú Ọba kò ní. Ẹ tẹ̀ lé ìlànà Amẹ́ríkà, ẹ ò fi iyọ̀ sí i, ó tẹ́, ẹ wá ń bú ìyá arúgbó Alabama tó ni ìlànà.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe bisikíìtì náà nìyí: fúláwà gíráàmù 240, bekin-pọ́dà ṣíbí ìmùkọ 1, iyọ̀ ṣíbí tíì 1, bọ́tà tó tutù nini gíráàmù 85, buttermilk (mílíìkì kíkan) mìlílítà 180. Ẹ fi ìka fọ́ bọ́tà sínú fúláwà, kó ṣì ku wóró-wóró bí ẹ̀wà, torí àwọn wóró yẹn ló ń yọ́ nínú ófẹ̀nì tí yóò fi ṣí ní ìpele-ìpele. Ẹ da mílíìkì sí i, ẹ rò ó títí yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìpọ̀, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ ká a ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gé e, ẹ tẹ ohun ìgé náà mọ́lẹ̀ ṣánṣán. Ẹ má yí i, yíyí ló ń di etí rẹ̀ pa tí kò fi ní lè wú. Ófẹ̀nì 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìṣẹ́jú 12 sí 15.

Ọbẹ̀ funfun náà, sọ́séèjì Ìlú Ọba lẹ fi ń sè é. Wọ́n sábà ń lọ búrẹ́dì gbígbẹ mọ́ ìyẹn, búrẹ́dì yẹn ló ń fa ọ̀rá mu, kò sì ní sí ọ̀rá nínú páànù tí fúláwà máa dín nínú rẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ lásán ni kẹ́ ẹ rà, gíráàmù 450, kẹ́ ẹ fi ewé sage, iyọ̀ àti ata dúdú sí i fúnra yín. Ẹ dín in, ẹ má da ọ̀rá nù, ẹ wọ́n fúláwà gíráàmù 30 lé e, ẹ jẹ́ kó dín fún ìṣẹ́jú 2 kí òórùn fúláwà tútù lè kúrò, kẹ́ ẹ tó máa da mílíìkì mìlílítà 700 sí i díẹ̀díẹ̀. Ata dúdú ló ni ọbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fi ín-ín-tín sí i, kó má sọ pé kò ládùn.

Ti makaróónì oníwàràkàṣì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ẹ yéé ra wàràkàṣì tí wọ́n ti rin sínú àpò náílọ̀nù. Wọ́n sábà ń fi ìyẹ̀fun pa á lára kó má baà lẹ̀ pọ̀, ìyẹn ló ń sọ ọbẹ̀ di oníyanrìn, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Chicago.

Ṣokoléètì náà, ẹ dákun. Ilé-iṣẹ́ Hershey ló ń ṣe Cadbury tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe bákan náà: ti Ìlú Ọba, mílíìkì ló ṣáájú lára àkọsílẹ̀ èròjà, wọ́n sì fi òróró ọ̀pẹ àti òrí sí i; ti Amẹ́ríkà, ṣúgà ló ṣáájú. Hershey bá àwọn kan tó ń kó ti Ìlú Ọba wọlé dé kóòtù, àwọn yẹn sì gbà lọ́dún 2015 láti dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹni tó ra Cadbury ní ilé epo ní Texas, tó wá ń fi í wé ti Birmingham, kò tíì fi ohunkóhun wé ohunkóhun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìlànà fún gbogbo ayé, ẹ kọ gíráàmù sí i. Páíńtì Ìlú Ọba jẹ́ mìlílítà 568, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 473. Ẹ kàn kọ “páíńtì mílíìkì 1” síbẹ̀, ẹ sá lọ. Ẹ kọ bóyá Celsius ni tàbí Fahrenheit, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ófẹ̀nì yín ní fáànù, torí a gbọ́dọ̀ fi bí 20 dín in lórí Celsius tó bá ní. Owó ni bọ́tà, owó ni mílíìkì, owó gidi sì ni àwọn ènìyàn ń dà sínú ike ìdọ̀tí torí ìlà kan tẹ́ ẹ kọ̀ láti kọ.