Líle ara nínú àrùn Parkinson kì í ṣe làkúrègbé

Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp ní Ìkòròdú báyìí: pé bí ara àgbàlagbà tó ní àrùn Parkinson, ìyẹn àrùn ọpọlọ tó ń da ìrìn àti ìṣesí ara rú, bá ń le, làkúrègbé ni, kí wọ́n fi òrí wọ́ ọ lára dáadáa, kò ní ṣubú mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Inú ọpọlọ ni líle náà ti ń wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, ló ń kú díẹ̀díẹ̀, iṣan ò sì rí àṣẹ tó máa fi dẹ̀ gbà bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rọra ká apá bàbá ní ìgbọ̀nwọ́, ó lè máa há, kó yọ̀, kó tún há. Wíwọ́ra lè tù wọ́n lára, mi ò bá a jà, àmọ́ kò dé ibi tí àrùn wà.

Oògùn levodopa sábà máa ń dẹ líle yìí. Ìdúró láìṣubú ni kì í gbọ́ oògùn tó bẹ́ẹ̀: bí ènìyàn bá fara gbún wọn ní Sábó, ẹsẹ̀ kì í tètè sún sẹ́yìn láti gbà wọ́n dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo oògùn déédéé fi tún lè ṣubú, táwọn ará ilé á ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ má dá oògùn náà dúró lójijì o, ewu ńlá ni! Dókítà ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè fún físíò (ìtọ́jú tí wọ́n ń fi eré ìdárayá ṣe), torí eré ìdárayá wà tó ń ran ìdúró lọ́wọ́. Ẹ má fà wọ́n lọ́wọ́ sọdá títì. Bí wọ́n bá fẹ́ yí padà, kí wọ́n rìn yípo, kí wọ́n má pòyì lójú kan.