Ẹ̀tọ́ ọmọ ni transcript, kì í ṣe àánú

Tẹ́ ẹ bá yà sílé kọ̀ǹpútà èyíkéyìí láàárín Ọláìyá sí Òkè-Fìà n'Òṣogbo níbí lápá ìparí ọdún, ẹ ò ní ṣàì bá ọ̀dọ́ kan tó jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ tó ń kọ fọ́ọ̀mù másítà. Ó ti kọ lẹ́tà ìdí tó fi fẹ́ kàwé sí i, ó ti yáwó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, olùkọ́ méjì ti gbà láti jẹ́rìí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti pé tán ó ku transcript, ìyẹn ìwé tí fásitì ń kọ gbogbo màákì ọmọ sí láti ọdún kìíní títí tó fi jáde, ibẹ̀ ni nǹkan wá há sí.

A ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Bí ọ̀pọ̀ fásitì wa ṣe ń fi transcript dá àwọn ọmọ tó ti kàwé jáde dúró ò dáa rárá, ìrẹ́jẹ ni, ó sì yẹ kíjọba fòpin sí i.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ọmọ á sanwó, wọ́n á ní kó máa retí ẹ̀. Oṣù kan, oṣù méjì, kò séèsì. Tó bá wá lọ fúnra ẹ̀ wọ́n á ní màákì ọdún kejì ò tíì ti ẹ̀ka tó ti kàwé dé, tó bá dé ẹ̀ka yẹn wọ́n á ní àwọn ti fi ránṣẹ́ tipẹ́, tó bá padà wọ́n á ní ẹni tó máa buwọ́ lù ú lọ sípàdé, àfìgbà tẹ́nì kan bá fà á sí kọ̀rọ̀ pé kó wá nǹkan fáwọn ará ọ́fíìsì ni fáìlì tí wọn ò rí láti ọjọ́ yìí máa ṣàdédé jáde. Ẹni tó ń gbé nítòsí ṣì nìyẹn o. Àgùnbánirọ̀ ọmọ Òṣogbo tí wọ́n pín lọ sí Sókótó ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ló máa ti ìsọ̀ lỌ́jà Ọba, tó máa wọkọ̀ lọ bẹ akọ̀wé tó tó ọmọ tó bí.

Ibi tọ́mọ ń lọ ò sì ní dúró dè é. Erasmus Mundus tí Yúróòpù fi ń gbé ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́ másítà, láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba fọ́ọ̀mù. Ní Jámánì, ọjọ́ 15 oṣù Keje ni ọ̀pọ̀ fásitì ń kádìí ẹ̀ fún sáà oṣù Kẹwàá, àwọn míì tiẹ̀ máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ fáwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ẹni tí ò sì rí sikọ́láṣíìpù gbọ́dọ̀ ti 11,904 yúrò mọ́nú àkáǹtì pàtàkì kan kó tó rí físà. Ẹ wo ẹbí tó talẹ̀ kó irú owó yẹn jọ, kọ́mọ wá pàdánù ọdún kan torí bébà méjì. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ọmọ, àmọ́ kó tó forúkọ sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀, ojúlówó gbọ́dọ̀ tọwọ́ fásitì ẹ̀ wá tààrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni WES tó ń yẹ ìwé wò fáwọn tó ń lọ Kánádà. Kò sọ́gbọ́n tọ́mọ lè dá sí i.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n fẹ́ jápa ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró níbí. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí wa nínú. Ẹni tó fẹ́ ṣe másítà n'Ìbàdàn náà nílò transcript, Òṣogbo sí Ìbàdàn ò sì ju bíi wákàtí méjì lọ, kí ló dé tí ìwé fi ń rìn ín fóṣù mẹ́ta?

A mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ò tó, a mọ̀ pé fáìlì àtijọ́ ṣì wà nínú bébà, ìyanṣẹ́lódì ASUU lọ́dún 2022 tó gba oṣù mẹ́jọ náà dá kún un. Àmọ́ ọmọ tó jáde lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wo gbogbo màákì ẹ̀, ta ló wá ń wá fáìlì kiri?

Òfin Freedom of Information ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ 7 láti dá ẹnikẹ́ni tó bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ wọn lóhùn. Òfin Data Protection ti 2023 náà ní ẹni tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà ẹ̀. Tí ará ìta bá lè rí èsì lọ́jọ́ 7, ẹni tó fi oorun ojú ẹ̀ gba màákì ńkọ́?

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ni UNIOSUN tó wà nílùú wa níbí, àwọn náà ló ni Yunifásítì Iléṣà. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá péré, kó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n dáwó ọmọ padà kí wọ́n ṣì fún un níwèé ẹ̀. Kí wọ́n sì fún gbogbo ọmọ tó bá ń jáde ní ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wá gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá sìnrú ìlú tán kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹni tó bá sì ti sanwó tí ò gbọ́ nǹkan kan, kó kọ lẹ́tà sí réjísítírà, kó dárúkọ òfin 2011 yẹn síbẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sórí ẹ̀dà tó máa mú dání.