"Ara ẹ̀ ti gbó, kò lè kọ́ sítáì tuntun mọ́": ẹ wá wo Jens Weissflog

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa lónìí, torí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Tí eléré ìdárayá bá ti ń lé ní ọmọ ọdún 25 báyìí, tí eré tó ń ṣe wá yí padà, tó di pé kó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ẹ ó kàn máa gbọ́ "kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò", wọ́n á ní ohun tó ti wọ èèyàn lára láti kékeré kì í jáde mọ́, pé kí bọ̀dá wábi jókòó sí káwọn ọmọdé máa bá a lọ. Òwe yẹn dáa fún ọmọ títọ́, mi ò bá a jà rárá. Àmọ́ ara èèyàn kì í ṣe igi ìrókò, ẹni tí mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí kò wá láti inú bọ́ọ̀lù tàbí ẹ̀ṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, inú ski jumping ló ti wá, eré tí wọ́n ti máa ń de pátákó síkì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n á yọ̀ wá láti orí òkè pẹ̀lú eré bíi ti ọkọ̀ tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan, tí wọ́n á sì fò kúrò létí pèpéle sínú afẹ́fẹ́.

Jens Weissflog lorúkọ ẹ̀, ará Jámánì, 1964 ni wọ́n bí i ní apá Saxony, níbi táwọn òkè Erzgebirge wà. Ìgbà yẹn Jámánì ṣì jẹ́ méjì, ti Ìlà-Oòrùn sì ni tiẹ̀. Ó kéré, ó fúyẹ́, débi pé Floh ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kòkòrò kékeré tó máa ń fò káàkiri lára ajá. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 19 ó ti gba góòlù Olympic ní Sarajevo, lọ́dún 1984, lórí òkè kékeré (oríṣi òkè méjì ni wọ́n ti máa ń figagbága, kékeré àti ńlá), ó sì fi póíǹtì 1.2 péré ṣíwájú Matti Nykänen ará Finland tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Ọdún yẹn kan náà ló gba World Cup ti ski jumping, ìyẹn ìdíje tí wọ́n máa ń ro póíǹtì ẹ̀ jọ jálẹ̀ sáà kan, ló tún gba ìdíje òkè mẹ́rin tí wọ́n máa ń ṣe ní Jámánì àti Austria bí ọdún bá ń parí tí òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Ó tún gba ti òkè mẹ́rin yẹn lọ́dún 1985, ó sì di ọ̀gá àgbáyé lọ́dún 1985 àti 1989.

Gbogbo èyí tí mo kà yìí, sítáì àtijọ́ ló fi gbà á. Nínú sítáì àtijọ́, pátákó méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n tọ́ bíi ojú irin rélùwéè, kí ẹni tó ń fò wá na ara lé wọn lórí. Bí wọ́n bá ya síra díẹ̀ báyìí, adájọ́ á gé póíǹtì, torí adájọ́ 5 ló máa ń wo bí ìfò ṣe rí, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fún èèyàn ní póíǹtì tó tó 20, wọ́n á yọ èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù, wọ́n á wá ro èyí tó kù mọ́ póíǹtì ibi tó fò dé. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà fò jìnnà jù ló máa ń wọlé.

Ìgbà tó yá ni ọmọ Sweden kan, Jan Boklöv, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya imú pátákó ẹ̀ méjèèjì síra bíi lẹ́tà V. Àwọn adájọ́ ń gé póíǹtì ẹ̀ ṣáá, wọ́n ní kò lẹ́wà, àmọ́ ibi tó ń fò dé jìnnà débi pé gbogbo gígé yẹn ò ràn án, òun ló gba World Cup 1988/89. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀ o. Tí pátákó bá wà pa pọ̀ lábẹ́ èèyàn, ara àti pátákó ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ níwájú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yà síra, afẹ́fẹ́ á rí pátákó ọ̀tún gbá, á rí ti òsì gbá, á tún rí àyà àti ikùn èèyàn láàárín gbá, ìyẹn ló ń gbé e dúró lókè pẹ́. Nígbà tó máa fi di 1992, sítáì V ti gba gbogbo eré náà, àwọn adájọ́ ò sì gé póíǹtì torí ẹ̀ mọ́.

Ibí yìí làwọn èèyàn ti sin Weissflog láàyè. Ọdún 1991 ló gba ìdíje òkè mẹ́rin lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú sítáì àtijọ́ náà, ọdún tó tẹ̀ lé e ló lọ sí Olympic Albertville nígbà tó ti ń kọ́ sítáì V, tí àtúnkọ́ yìí ṣì ń fìyà jẹ ẹ́, ipò 9 ló ṣe lórí òkè kékeré, ipò 33 lórí òkè ńlá. Ipò 33! Ẹni tó ti gba góòlù rí. Lójú ẹni tó gba "ara ti gbó" gbọ́, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi le, torí àwọn tó ń sọ pé kó lọ sinmi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àsìkò tí èèyàn ní láti ta ara ẹ̀ kúrò létí pèpéle yẹn kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kò sáyè ìrònú níbẹ̀, ohun tó ti wọ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún tó lé ní mẹ́wàá mọ̀ pé pátákó wà lábẹ́ àyà òun, ìwọ wá ní kó ya wọ́n kúrò níbẹ̀, kó na àyà sáàárín òfìfo, pé afẹ́fẹ́ máa gbé e. Bí pátákó kan bá sì lọ wálẹ̀ ju èkejì lọ báyìí, ó lè yí i dànù lófuurufú. Torí náà kì í ṣe pé ara ò gbọ́ ẹ̀kọ́, ó gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ kọ́ dáadáa débi pé ó nílò àkókò láti gbọ́ òmíràn. Àti pé ọ̀gá tó ti jókòó sórí àga gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá máa ṣubú bíi ti ọmọ kékeré lójú gbogbo èèyàn. Mo bọ̀wọ̀ fún un torí èyí ju torí góòlù lọ.

Wàyí o, February 1994, Lillehammer ní Norway, òkè ńlá Lysgårdsbakken. Espen Bredesen, ọmọ onílé, kọ́kọ́ fò mítà 135.5, ariwo sọ. Mítà 129.5 ni ti Weissflog. Lẹ́ẹ̀kejì Weissflog fò 133, Bredesen wá fò 122, nígbà tí wọ́n ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, póíǹtì 274.5 ni ti Weissflog, 266.5 ni ti Bredesen. Ẹ wò ó dáadáa, ìfò àkọ́kọ́ tí Bredesen fò ló jìnnà jù nínú ìfò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin táwọn méjèèjì fò, síbẹ̀ sílífà ló mú lọ sílé. Ọmọ ọdún 29 ni Weissflog, ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn Sarajevo: góòlù kan pẹ̀lú pátákó tó tò pọ̀, góòlù kejì pẹ̀lú V. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún gba góòlù ti ẹgbẹ́ pẹ̀lú Hansjörg Jäkle, Christof Duffner àti Dieter Thoma.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn ló ṣe é lẹ́rọ, pé ètò wọn ló fò, kì í ṣe òun. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò kọ́ ọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Àmọ́ nígbà tó ń gba góòlù méjèèjì ti Lillehammer, orílẹ̀-èdè yẹn ò sí mọ́ láti 1990, sítáì tí wọ́n sì kọ́ ọ níbẹ̀ ti di ohun àná.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òun nìkan ni, pé orí ẹ̀ ló yàtọ̀. Ernst Vettori ará Austria, 1964 náà ni wọ́n bí i, òun ló gba ìdíje òkè mẹ́rin lọ́dún 1986 àti 1987 pẹ̀lú sítáì àtijọ́, ó yí i padà, ó gba góòlù lórí òkè kékeré ní Albertville. Toni Nieminen ará Finland tó gba góòlù òkè ńlá níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 16, ọmọdé tí ara ẹ̀ rọ̀ dáadáa, síbẹ̀ kò tún gba mẹ́dàlì Olympic kankan lẹ́yìn ìyẹn. Noriaki Kasai ará Japan ńkọ́? Sítáì àtijọ́ lòun náà fi bẹ̀rẹ̀, ní Sochi lọ́dún 2014 ó ti pé ọmọ ọdún 41, póíǹtì 1.3 péré ni Kamil Stoch fi gba góòlù òkè ńlá mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tí kò rí i yí padà wà lóòótọ́, wọ́n pọ̀, mi ò sọ pé kò nira. "Kò ṣeé ṣe" tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn ni mo ní kò sí.

Weissflog ò sì dúró sí Lillehammer. January 6, 1996, ní Bischofshofen, ó gba ìdíje òkè mẹ́rin lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀, ọmọ ọdún 31 ni. Ọdún yẹn ló fẹ̀yìn tì fúnra ẹ̀, nígbà tó wù ú, ó sì padà sí Oberwiesenthal níbi tó ti kọ́ṣẹ́, ó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀.